Pípa ilẹ̀ lẹ́nu mọ́: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń ṣe kọ́ìlì ẹ̀rọ aṣàwárí irin

Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀rọ aṣàwárí irin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kúrò lórí tábìlì lọ sórí ilẹ̀ pupa á mọ ohun tí mò ń sọ. Lórí tábìlì, ẹyọ owó kan ń dún láti 30 sẹ̀ǹtímítà. Lórí ilẹ̀, ẹ̀rọ kan náà ń pariwo láìrí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa á sáré máa yí bọ́tìnnì ground balance (èyí tó ń yọ ohùn ilẹ̀ kúrò) síwá sẹ́yìn, bí kò bá sì gbọ́, a ó dá séèkítì lẹ́bi. Mo ti wé kọ́ìlì (òrùka wáyà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ) púpọ̀, ohun tí mo sì rí ni pé inú kọ́ìlì ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì lè yọ ohùn ilẹ̀ kúrò bí ohùn náà bá dúró sójú kan. Bí kọ́ìlì bá ń gbé e sún kiri, bọ́tìnnì kò lè lé e bá.

Ẹ̀rọ VLF ni mò ń sọ níbí, irú èyí tó ń ránṣẹ́ láìdáwọ́ dúró ní nǹkan bí 3 sí 30 kHz, tó ní kọ́ìlì méjì: TX tó ń ránṣẹ́, àti RX tó ń tẹ́tí. Iná tó bá bọ́ sínú RX ni mò ń pè ní ohùn. Màá fẹnu ba ẹ̀rọ PI (pulse induction, tó ń ránṣẹ́, tó ń dákẹ́, tó sì ń tẹ́tí) díẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ wá oscilloscope olójú méjì (ẹ̀rọ tó ń fi ìrísí iná hàn), mítà tó ń wọn inductance (bí kọ́ìlì ṣe ń tako ìyípadà iná tó), ègé ferrite kan (èyí tó wà nínú rédíò àtijọ́ dára gan-an), fọ́ìlì alumíníọ́mù díẹ̀ àti ẹyọ owó bàbà kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohùn ilẹ̀ yàtọ̀ sí ohùn irin

Ohun méjì ló ń fa wàhálà nínú ilẹ̀. Èkíní ni àwọn èròjà bíi magnetite àti maghemite. Wọn kì í jẹ́ kí iná ṣàn nínú wọn bíi ti bàbà; ńṣe ni wọ́n ń gba òòfà sára, tí wọ́n sì ń dá a padà ní àkókò kan náà tí TX ń rán an. Bí ferrite náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ègé ferrite fi lè dúró fún ilẹ̀ lórí tábìlì. Àmọ́ àwọn hóró kan wà nínú ilẹ̀ gidi tó kéré débi pé nanomítà la fi ń wọ̀n wọ́n. Òòfà inú wọn máa ń lọ́ra díẹ̀ kó tó yíjú. Ìlọ́ra yìí ló ń mú kí ohùn ilẹ̀ fà sẹ́yìn ohùn ferrite ní igun kékeré (ìyípo kan ti ìgbì TX jẹ́ 360 dígírì).

Èkejì ni iyọ̀ pẹ̀lú omi. Iyọ̀ ń jẹ́ kí iná ṣàn nínú ilẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jìnnà sí ti ferrite ní nǹkan bí 90 dígírì.

Ẹ ya ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí bébà. Ẹ pe èyí tó dùbúlẹ̀ ní X, ìyẹn apá ohùn tó bá ti ferrite mu, kí ẹ pe èyí tó dúró ní R, apá tó fi 90 dígírì yàtọ̀ sí i. Ferrite wà lórí X gan-an. Ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi díẹ̀ gbéra sókè. Iyọ̀, fọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ àti wúrà wẹ́wẹ́ wà nítòsí R. Bí irin kan bá ṣe nípọn tó, tí iná sì ń ṣàn nínú rẹ̀ dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á ṣe máa yí lọ sí òdìkejì X, títí tí ẹyọ fàdákà ńlá á fi sún mọ́ 180 dígírì. Ìṣó ní tirẹ̀ ń gba òòfà, iná sì tún ń yí nínú rẹ̀, nítorí náà X rẹ̀ sábà máa ń wà ní ìhà kan náà pẹ̀lú ilẹ̀. Ẹ lẹ bébà yìí mọ́ ara ògiri níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù á máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò iye tí dígírì kan ń náni

Ká sọ pé ẹ gbé kọ́ìlì sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀, X yí padà ní 200 mV, R yí padà ní 6 mV. Ẹ pín 6 sí ọ̀nà 200, ó jẹ́ 0.03, igun rẹ̀ kò sì tó dígírì méjì. Ohun tí ground balance ń ṣe kò ju pé kó mú X, kó sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 0.03, kó sì yọ ọ́ kúrò lára R. Ilẹ̀ á di òdo. Bí ẹyọ owó kan bá wà nísàlẹ̀ tó mú −8 mV wá sórí X àti 5 mV wá sórí R, ohun tó kù lẹ́yìn ìyọkúrò náà jẹ́ 5.24 mV. Owó kò pàdánù nǹkan kan, ilẹ̀ sì ti dákẹ́.

Ṣùgbọ́n bí igun kọ́ìlì bá yẹ̀ ní dígírì kan péré, nítorí oòrùn tàbí nítorí pé wáyà mì nínú ike, ìdá 0.0175 nínú 200 mV yẹn á jò wọ inú R: 3.5 mV. Ìjìnlẹ̀ tí ẹyọ owó ti ń mú 3.5 mV wá lórí R gan-an ni ìjìnlẹ̀ tí ẹ̀rọ yín á ti máa ṣe àṣìṣe. Mo rọ yín kí ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú iye tí ẹ bá rí lórí ilẹ̀ tiyín kí ẹ tó wé wáyà kankan. Ẹni tó bá mọ iye tí dígírì kan ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi kọ́ìlì ṣeré.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo ilẹ̀ bíi dígí

Ohun tó là mí lójú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyí. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí èròjà òòfà inú rẹ̀ rí bákan náà níbi gbogbo, ń ṣe bíi dígí fún pápá òòfà. Bí TX bá wà ní 5 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, ó dà bíi pé TX mìíràn tí agbára rẹ̀ kéré wà ní 5 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀, tí wọ́n kọjú síra. RX ń gbọ́ òjìji yìí láti 10 sẹ̀ǹtímítà. Lórí ilẹ̀ tó le gan-an, tí susceptibility rẹ̀ (òdiwọ̀n bí ó ṣe ń gba òòfà sára tó) jẹ́ 0.01, agbára òjìji náà tó nǹkan bí ìdá 5 nínú 1000 ti TX gidi. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju ohùn ẹyọ owó tó jìn lọ fíìfíì.

Ẹ wá gbé kọ́ìlì lé ilẹ̀ pátápátá. Òjìji TX bọ́ sí ojú kan náà pẹ̀lú TX gidi. A sì ti to RX sí ibi tí kò ti gbọ́ TX gidi, èyí tí à ń pè ní ojú òdo. Kò ní gbọ́ òjìji rẹ̀ náà. Nítorí náà, kọ́ìlì tó wà ní ojú òdo dáadáa kì í gbọ́ ilẹ̀ púpọ̀ nígbà tó bá fẹnu kàn án. Bí ẹ ṣe ń gbé e sókè, ohùn ilẹ̀ á máa pọ̀ sí i, á dé góńgó, lẹ́yìn náà á máa lọ sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ gidi, ike kọ́ìlì ní ìnípọn tirẹ̀, kò sì ní jẹ́ òdo pátápátá, ṣùgbọ́n ìrísí náà á hàn.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ojú òdo wà kí amplifáyà (ohun tó ń sọ ohùn di ńlá) má bàa kún àkúnwọ́sílẹ̀ nìkan. RX tó yẹ̀ kúrò lójú òdo á máa gbọ́ ilẹ̀ rara níbi tó yẹ kó ti dákẹ́ jù, ìyẹn bí ẹ bá ń fi kọ́ìlì gbálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wé kọ́ìlì

Mo fara mọ́ irú tí à ń pè ní DD, tí D méjì gun ara wọn díẹ̀ láàárín, fún ilẹ̀ tó le, nítorí ibi tóóró ló ti ń gbọ́ràn. Kọ́ìlì tí ọ̀kan wà nínú èkejì bí òrùka méjì ń gbọ́ ilẹ̀ tó gbòòrò jù lábẹ́ ara rẹ̀.

Òrùka tó fẹ̀ tó 25 sẹ̀ǹtímítà, tí a yí ní ìgbà 100, á fún yín ní nǹkan bí 6 mH. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ di D, inú rẹ̀ á kéré sí i, inductance náà á sì lọ sílẹ̀. Ẹ fi ìyípo díẹ̀ kún un. Ẹ fi òwú di ìdìpọ̀ wáyà náà pinpin, kí ẹ sì fi fáníìṣì mú un. Wáyà tó lè mì á máa dún nígbàkígbà tí koríko bá gbá kọ́ìlì.

Ìgbésẹ̀ 5: Kapásítọ̀, níbi tí igun ti ń sọnù

Bí a bá fi kapásítọ̀ (ohun èlò tó ń kó iná pamọ́) tó jẹ́ 20 nF sára kọ́ìlì 6 mH, TX á dún jù lọ ní 14.5 kHz. Ìyẹn dára fún TX, torí a fẹ́ kí iná pọ̀ nínú rẹ̀. Ìṣòro wà bí séèkítì tó ń wakọ̀ rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé kọ́ìlì lọ: ilẹ̀ á mú kí inductance TX ga díẹ̀, fíríkúẹ́ńsì (iye ìgbà tí ìgbì ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á lọ sílẹ̀, igun á sì tẹ̀ lé e. Ẹ lo kírísítálì kí fíríkúẹ́ńsì lè dúró. Kí ẹ sì mú àmì tí ẹ fi ń ya X kúrò lára R láti ara iná tó ń ṣàn nínú TX gan-an, bóyá láti orí résítọ̀ kékeré kan. Aago séèkítì kò mọ̀ bí iná TX bá ti falẹ̀. Résítọ̀ yẹn mọ̀.

RX ló le jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi kapásítọ̀ mú RX dé 14.5 kHz gẹ́lẹ́ kí ohùn lè pọ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń fà. Bí Q rẹ̀ (òdiwọ̀n bí ó ṣe ń dún jù ní fíríkúẹ́ńsì kan ṣoṣo tó) bá jẹ́ 20, tí inductance rẹ̀ sì yí padà ní ìdá 1 péré nínú 100, igun á yẹ̀ ní nǹkan bí 11 dígírì. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2: 11 dígírì nínú 200 mV jẹ́ nǹkan bí 38 mV. Ẹ̀rọ náà ti parí. Bí ẹ bá fi 15 nF sára RX tó jẹ́ 6.5 mH, á máa dún jù lọ ní 16.1 kHz, ìyẹn nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 lókè ibi tí TX wà. Níbẹ̀, ìyípadà kan náà kò ní yẹ igun ju nǹkan bí ìdajì dígírì lọ. Ohùn á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n amplifáyà lè dá ohùn padà. Kò sí ohun tó lè dá igun tó ń rìn kiri padà.

Bàbà náà kì í dúró bákan náà: ní dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi pọ̀ sí i, résístáǹsì wáyà bàbà ń ga ní nǹkan bí ìdá 0.39 nínú 100. Láti òwúrọ̀ tútù dé ọ̀sán gangan, ìyẹn tó láti yẹ igun RX ní nǹkan bí dígírì kan, kódà bí ẹ bá gbé e kúrò lójú ibi tó ti ń dún jù. Ẹ máa tún ground balance ṣe bí oòrùn ṣe ń mú sí i.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìbòrí

Ilẹ̀ tútù àti koríko olómi máa ń fa iná láti ara kọ́ìlì bíi kapásítọ̀, ìyẹn kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú òòfà. Ìbòrí, ìyẹn ohun tó ń gbé iná tí a fi bo kọ́ìlì lára, ló ń dá a dúró. Mo fẹ́ràn ọ̀dà graphite ju fọ́ìlì lọ, torí fọ́ìlì tó nípọn fúnra rẹ̀ jẹ́ irin, á máa dá ohùn R tirẹ̀ sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ kí ìbòrí má ṣe pa òrùka dé, kí ẹ sì so ó mọ́ ojú 0 V séèkítì ní ibì kan ṣoṣo. Ìbòrí tó pa òrùka dé ti di ìyípo wáyà kan tó so mọ́ ara rẹ̀, á sì jẹ agbára TX.

Ẹ fi aṣọ tútù kan ike kọ́ìlì lẹ́yìn tí ìbòrí bá gbẹ. Bí RX bá fò, ẹ padà sídìí ìbòrí kí ẹ tó lọ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 7: Ojú òdo

Ẹ fi epoxy mú TX sínú ike ní àkọ́kọ́, kó gbẹ pátápátá. Ẹ gbé iṣẹ́ kúrò nítòsí irin gbogbo. Ìṣó inú tábìlì nìkan tó láti tàn yín jẹ. Ẹ tan TX, ẹ so RX mọ́ oscilloscope, kí ẹ wá máa sún RX lórí TX díẹ̀díẹ̀. Ohùn á máa lọ sílẹ̀, á dé ibi tó kéré jù, lẹ́yìn náà á tún máa ga, ṣùgbọ́n á ti yí orí sódì. Ibi tó kéré jù yẹn lẹ ń wá.

Kò ní jẹ́ òdo. Ìṣẹ́kù kan á wà tí sísún RX kò lè mú kúrò, torí pé orí R ló wà: ó ń wá láti ara ìbòrí, láti ara kapásítọ̀ tó fara sin láàárín wáyà méjèèjì, tàbí láti ara irin kan nítòsí. Bí ó bá jẹ́ mV díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ìbòrí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìṣẹ́kù tó dúró ṣinṣin kò burú. Èyí tó ń mì ló burú. Ẹ fi ọwọ́ tẹ etí ike náà, ẹ wo bí ìṣẹ́kù ṣe fò tó. Ìfò yẹn lẹ ó máa gbọ́ nígbà gbogbo tí kọ́ìlì bá kọlu kùkùté.

Ẹ wá mú ferrite, ẹ gbé e kọjá lábẹ́ ibi tí D méjèèjì ti gun ara wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ kọ igun tó ń fún yín sílẹ̀ ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó yẹ kí igun náà jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́yìn òde ibi tó gun ara wọn, ó máa yí sódì, bí DD ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí igun bá ń yàtọ̀ láti ojú kan sí òmíràn láàárín gbùngbùn, ohùn tí kì í ṣe ti òòfà ti wọ inú kọ́ìlì yín, kò sì sí ilẹ̀ tó máa dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú fọ́ìlì àti owó bàbà, kí ẹ fi wọ́n sórí bébà ara ògiri.

Ìgbésẹ̀ 8: Epoxy

Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Epoxy máa ń gbóná bó ṣe ń le, ó sì ń súnkì, ìyẹn nìkan tó láti gbé RX kúrò lójú òdo. Mo ti pàdánù kọ́ìlì tó dára sí ọwọ́ ìkánjú yìí: mo da gbogbo rẹ̀ lálẹ́, nígbà tó di òwúrọ̀, ìṣẹ́kù ti di ìlọ́po mẹ́wàá, wáyà sì ti di òkúta. Látìgbà náà, mo máa ń fi ẹ̀kán epoxy díẹ̀díẹ̀ mú RX ní ojú mẹ́fà sí mẹ́jọ, màá tún ojú òdo wò, lẹ́yìn náà ni màá da ipele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo máa ń fi ìyípo kan lára wáyà RX sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, láìdì í. Nígbà tí ohun gbogbo bá gbẹ tán, ìyípo yẹn ni màá tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì láti dá ojú òdo padà, kí n tó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìlà tó gún

Ẹ wá ilẹ̀ tí irin kò sí nínú rẹ̀. Ẹ gbé kọ́ìlì sókè tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún, kí ẹ máa kọ X àti R sílẹ̀. Ẹ to àwọn àmì náà sórí bébà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gbé e padà sókè, kí ẹ tún kọ wọ́n.

Bí gbogbo àmì bá tò lórí ìlà kan tó gún, kọ́ìlì yín ti yege, bí ìlà náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó (R tí a fi X pín, bíi 0.03 ti ìgbésẹ̀ 2) sì ni nọ́ńbà tí ẹ ó fi ṣe ground balance. Bí ìlà bá tẹ̀ nígbà tó bá sún mọ́ ilẹ̀, ẹ wò ó bóyá amplifáyà ti kún, bóyá omi ń gba ìbòrí kọjá, tàbí bóyá iyọ̀ wà nínú ilẹ̀. Ohùn iyọ̀ kì í fi ìwọ̀n kan náà dín kù bí ti magnetite bí ẹ ṣe ń gòkè. Bí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ àti ọ̀nà ìgòkè bá sì yàtọ̀, nǹkan kan ń mì nínú ike. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ìdánwò yìí ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ.

Ìgbésẹ̀ 10: Bọ́tìnnì

Nísinsìnyí ni ó tó kan án. Ẹ pa ìyàsọ́tọ̀ irin (discrimination, ètò tó ń yan irin tó máa dún), ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ ohun gbogbo. Ẹ máa gbé kọ́ìlì láti nǹkan bí 30 dé 3 sẹ̀ǹtímítà, ẹ máa yí bọ́tìnnì títí ohùn kò fi ní yàtọ̀ nígbà ìsọ̀kalẹ̀ àti ìgòkè. Bí ẹ bá fẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi sí ìhà tí ohùn ti ń ga díẹ̀ bí kọ́ìlì bá sọ̀kalẹ̀. Ìhà kejì á máa gbé owó kékeré mì. Ground balance tó ń tún ara rẹ̀ ṣe wúlò níbi tí ilẹ̀ ti ń yí padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbá kọ́ìlì lórí ohun kan léraléra, ó lè kà á sí ilẹ̀, kó sì pa òun náà lẹ́nu mọ́.

Lórí iyanrìn oníyọ̀, fíríkúẹ́ńsì kan kò tó. Bí ẹ bá yí igun títí iyọ̀ fi dákẹ́, fọ́ìlì àti wúrà wẹ́wẹ́ á dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, magnetite á sì tún pariwo. Ohùn iyọ̀ ń pọ̀ sí i bí fíríkúẹ́ńsì ṣe ń ga, nígbà tí ti magnetite fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìlọ́po tí RX fúnra rẹ̀ ń fi kún un. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ onífíríkúẹ́ńsì méjì ń lò láti yọ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Díẹ̀ nípa PI

Ẹ̀rọ PI kì í ránṣẹ́ nígbà tó bá ń tẹ́tí, nítorí náà kò nílò ojú òdo. Àwọn hóró tó ń lọ́ra yẹn ló ń dà á láàmú: lẹ́yìn tí TX bá dákẹ́, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ bí àkókò ṣe ń di ìlọ́po. Bí ẹ bá tẹ́tí ní 10 µs, kí ẹ tún tẹ́tí ní 20 µs, ohùn ilẹ̀ á ti di ìdajì. Ẹ sọ èkejì di ìlọ́po méjì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára èkíní, ilẹ̀ á di òdo. Àmọ́ irin tí ohùn rẹ̀ ń kú pẹ̀lú àkókò 14.4 µs á di òdo pẹ̀lú ilẹ̀. Irin tó yára kú jù bẹ́ẹ̀ á hàn ní ìhà kan, èyí tó pẹ́ kú jù bẹ́ẹ̀ á hàn ní ìhà kejì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ PI yín fi ohùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ ìhà méjèèjì, kí ẹ sì yan àkókò ìtẹ́tí kìíní débi pé àlàfo yẹn kò ní bọ́ sórí irú irin tí ẹ ń wá.